Ilé Tíátà Tí Owó Rọ́bà Kọ́ Sínú Igbó Amazon

Ilé kan ṣoṣo la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan: ẹ tẹ “Teatro Amazonas” sínú Google, kí ẹ wo àwòrán rẹ̀. Mò ń dúró dè yín.

Ẹ ti rí i? Ilé ńlá aláwọ̀ píńkì tó ní òpó funfun níwájú, tí wọ́n gbé sórí pèpéle gíga bí ààfin, tí òrùlé rogodo kan sì wà lórí rẹ̀ bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní Paris ni, tàbí ìlú kan ní Ítálì. Ó dáa, ẹ wá tẹ máàpù wàyí. Manaus ni ìlú náà, olú ìlú ìpínlẹ̀ Amazonas ní Brazil, láàárín igbó kìjikìji tó tóbi jù lọ láyé. Láti ibẹ̀ dé etí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà 1,450. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà Èkó sí Maiduguri, orí odò sì ni wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yìí.

Ta ló wá jókòó, tó ronú, tó ní ilé ọ́pẹ́rà ló kù tí òun máa kọ́ síbẹ̀? Fún ẹni tí kò mọ ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé ni, àmọ́ orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí ẹgbẹ́ onífèrè àti onígòjé ńlá á sì jókòó nísàlẹ̀ ìtàgé. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé “Ọba Kò So” jáde láyé àwọn òbí wa àgbà, ọ́pẹ́rà Yorùbá làwọn ọ̀mọ̀wé pè é. Torí náà kì í ṣe nǹkan tó ṣàjèjì sí wa pátápátá.

Ìdáhùn kúkurú sí ìbéèrè wa ni: rọ́bà. Ìdáhùn gígùn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ilé yìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ òpó àti àwòrán ara ògiri ni n óò bá pàdé. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo bá pàdé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí igi. Igi kan wà nínú igbó Amazon tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hevea brasiliensis. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀, oje funfun bíi mílíìkì á máa kán jáde. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti mọ oje yìí tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù, wọ́n fi ń ṣe ohun ìpọnmi. Ìṣòro rẹ̀ nígbà náà ni pé ó máa ń yọ́ nínú ooru, ó sì máa ń gan pa nínú òtútù. Ní 1839, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé tí òun bá po rọ́bà mọ́ sọ́fọ̀ tí òun sì fi iná sí i, kò ní yọ́ mọ́, kò sì ní gan mọ́. Nígbà tó di 1888, John Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí fún kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé. Gbogbo ayé wá ń wá rọ́bà lójú méjèèjì, igbó Amazon nìkan sì ni igi tó dára jù wà.

Ẹ má fojú inú wo oko o. Igi rọ́bà inú igbó kì í tò sójú kan. Ọ̀kan wà níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún. Òṣìṣẹ́ kan á la ọ̀nà tóóró nínú igbó, á máa tẹ̀ lé e láti igi dé igi, bí igi ọgọ́rùn-ún tàbí igba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, tòun ti àtùpà, á ha èèpo, á gbé ife sábẹ́ rẹ̀. Á tún padà rìn ọ̀nà kan náà láti kó oje jọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá jókòó sídìí èéfín, tí á máa da oje náà sára igi gbọọrọ kan díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa di òkìtì rọ́bà dúdú. Èéfín yẹn ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wá láti Ceará, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Brazil, níbi tí ọ̀dá burúkú ti jà láti 1877 sí 1879. Ebi lé wọn kúrò nílé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n síṣẹ́. Ọ̀gá ló máa san owó ọkọ̀ rẹ, á kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè. Ó máa fún ọ ní àdá, ìbọn, iyọ̀ àti ìyẹ̀fun gbágùúdá, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni o ti gbọ́dọ̀ ra nǹkan, òun ló sì ń bù ú lé e. Òun náà nìkan ló máa ra rọ́bà rẹ, òun ló ń dá iye tó máa san. Lópin ọdún, o ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn fi fẹ́ kán, gbèsè rẹ tún ti lé sí i.

Àwọn àgbà wa mọ ohun tó jọ èyí, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà nílẹ̀ Yorùbá, bó ti wù kó le tó, àárín ìlú rẹ̀ ló wà, ẹbí rẹ̀ mọ iye tí wọ́n yá, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san án ló dòmìnira. Ẹni tó wà nínú igbó Amazon kò mọ ìwé, ìwé gbèsè sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọjọ́ wo ló fẹ́ san án tán?

Ọgá yẹn náà jẹ oníṣòwò kan ní gbèsè ní Manaus. Oníṣòwò Manaus jẹ ilé iṣẹ́ kan ní Liverpool tàbí New York. Bí wọ́n ṣe so ó kọ́ra nìyẹn. Ní orí ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sówó. Ní àárín, ní Manaus, owó ń rọ̀ bí òjò, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń gba owó orí lórí gbogbo rọ́bà tó bá kọjá. Owó orí yẹn ló kọ́ ilé tíátà.

Ní 1881, nígbà tí Amazonas ṣì wà lábẹ́ ọba Brazil, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Antonio José Fernandes Júnior dábàá nílé ìgbìmọ̀ pé kí Manaus ní ilé tíátà tiwọn. Iléeṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kan ní Lisbon, ní Pọ́túgà, ló ya àwòrán rẹ̀. Ní 1884 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ní oṣù Keje 1884 kan náà ni Amazonas kéde pé òun ti fòpin sí òwò ẹrú, ọdún mẹ́rin ṣáájú gbogbo Brazil tó kù. Ọdún kan náà tí wọ́n ní kò sí ẹrú mọ́ nìyẹn, ilé tí òógùn ẹlẹ́wọ̀n gbèsè máa sanwó fún sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí.

Iṣẹ́ náà kò yára. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Àwa tí a mọ ojú ọ̀nà tí wọ́n pa tì láàárín, a mọ ohun tí mò ń sọ.) Ẹni tó gbé e dìde ni Eduardo Ribeiro. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí yà mí lẹ́nu. Wọ́n bí i ní 1862 ní ìpínlẹ̀ Maranhão, aláwọ̀ dúdú ni, ó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ ológun, ó sì di gómìnà Amazonas nígbà tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ọdún mẹ́rin péré ni òfin tó dá ẹrú sílẹ̀ ní gbogbo Brazil fi ṣáájú ọdún tí sáà rẹ̀ tó gùn jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1892. Ó la títì gbọọrọ, ó sọ ibi tí omi ń gbà di ojú ọ̀nà, ó ṣe afárá, ó sì ní kí wọ́n parí ilé tíátà. Orúkọ rẹ̀ ni òpópónà ńlá tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ń jẹ́ títí di òní.

Ohun tó tún dùn mí ni pé ó ti kúrò lórí oyè kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù Keje 1896 ló gbé ìjọba fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ṣí ilé náà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ní 1900 ló kú.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ilé lọ báyìí. Mi ò tíì débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò rẹ̀ tó pọ̀ dé ibi tí dátà mi fi tán lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì lára ilé náà ló wá láti òkè òkun. Irin rẹ̀ wá láti Scotland. Òkúta mábù tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn wá láti Carrara ní Ítálì. Àga àti tábìlì wá láti Paris. Dígí àwọn àtùpà àgbékọ́ kan wá láti Murano, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Venice. Àtùpà tó wà nínú ilé jẹ́ 198, èyí tó jẹ́ ti Murano nínú wọn jẹ́ 32. Táìlì òrùlé rogodo yẹn, 36,000 ni wọ́n, Alsace ni wọ́n ti kó wọn wá. Wọ́n tò wọ́n ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti búlúù, àwọ̀ àsíá Brazil, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba lọ ní 1889 ni, àsíá tuntun ṣì ń dùn mọ́ wọn. Gbogbo ẹrù yìí ni ọkọ̀ gbé sọdá òkun Àtìláńtíìkì, tó tún wá gun odò Amazon fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọkọ̀ ojú omi láti Liverpool máa ń wá tààrà sí Manaus nígbà yẹn. Ọkọ̀ tó kó rọ́bà lọ kò ní padà wá lófo.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wòran gan-an kò tóbi tó bí ẹ ṣe máa rò. Ìjókòó 701 ló wà níbẹ̀. Ó yí po bíi dùùrù ìgbàanì, bákónì sì wà lókè ara wọn. Àwọn olówó àti ẹbí wọn ni yàrá kéékèèké inú bákónì wà fún, níbi tí wọ́n ti lè rí ìtàgé, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ẹni tó bá ti lọ òde ìgbéyàwó ní Lẹ́kí rí kò nílò àlàyé. Lára àwọn òpó, wọ́n gbẹ́ ojú bíi ti agọ̀ mọ́ ọn láti fi bọlá fún àwọn olórin àti òǹkọ̀wé eré ńláńlá, Mozart, Verdi, Carlos Gomes tó jẹ́ ọmọ Brazil, àti àwọn mìíràn.

Tí ẹ bá jókòó tí ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí àwòrán kan tó fẹ́ dà bí ẹni pé ẹ dúró sábẹ́ Eiffel Tower tí ẹ ń wo inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 1889 ni wọ́n ṣí Eiffel Tower, òun ló wà lóde nígbà náà. Ó dà bí ẹni pé èèyàn lọ kọ́ ilé sábúlé rẹ̀ lónìí kó wá ya àwòrán Burj Khalifa sórí àjà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kọ́tìnnì iwájú ìtàgé. Crispim do Amaral ló yà á. Ní Paris ló ti yà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe Paris ló yà sórí rẹ̀. Nítòsí Manaus, odò méjì pàdé: Rio Negro tó dúdú bí àgbo, àti Solimões tó pọ́n bí omi amọ̀. Wọ́n á jọ máa ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún kìlómítà mélòó kan láìdàpọ̀, ẹ sì lè rí ojú ìlà tó wà láàárín wọn kedere. Ìpàdé odò méjì yìí ló wà lórí kọ́tìnnì, Iara, obìnrin inú omi tí wọ́n máa ń pìtàn rẹ̀ níbẹ̀, sì wà láàárín. Ẹni tó mọ Ọ̀ṣun kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ irú ẹni tí wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá fẹ́ ká kọ́tìnnì náà, wọn kì í ká a rárá: odindi rẹ̀ ni wọ́n ń fà lọ sókè sínú òrùlé rogodo yẹn. Òrùlé ńlá yẹn kì í ṣe ẹwà lásán, ó níṣẹ́ tó ń ṣe.

Yàrá àpéjẹ wà lókè pẹ̀lú. Ilẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Igi pẹlẹbẹ 12,000 ni wọ́n to pọ̀, dúdú pẹ̀lú pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi wọnú ara wọn láìsí ìṣó, láìsí gọ́ọ̀mù. Àlejò gbọ́dọ̀ wọ sálúbàtà rírọ̀ lé bàtà kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́. Domenico de Angelis, ará Ítálì, ló ya àwòrán òkè àjà rẹ̀. Lóde, àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ pé wọ́n po rọ́bà mọ́ ohun tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà iwájú ilé, kí ariwo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn tó pẹ́ dé má bàa da àwọn olórin láàmú. Iná mànàmáná sì tàn nínú ilé náà. Ní nǹkan bí àkókò yẹn náà ni iná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ta ní iná ò lọ mọ́ nínú àwa méjèèjì, mi ò fẹ́ sọ.

Ọjọ́ 7 oṣù Kíní 1897 ni wọ́n ṣe ọ́pẹ́rà àkọ́kọ́, “La Gioconda” tí Ponchielli kọ. Ẹgbẹ́ eléré láti Ítálì ló ṣe é.

Ní àkókò yìí gan-an ni mo fẹ́ ká fi Manaus sílẹ̀ díẹ̀, ká wá sílé. Torí pé rọ́bà kò fi ilẹ̀ Yorùbá náà sílẹ̀. Igi kan wà nínú igbó wa tó ń jẹ́ ìré. Kì í ṣe igi kan náà pẹ̀lú ti Amazon, àmọ́ òun náà ní oje rọ́bà. Ní 1894, rọ́bà tó kúrò ní èbúté Èkó kò tó tọ́ọ̀nù 3. Ní 1895, ó ju tọ́ọ̀nù 2,200 lọ. Láàárín ọdún kan! Ogun Kírìjí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ọ̀nà ti ṣí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tí kò níṣẹ́ ogun mọ́ rọ́ wọnú igbó. Wọ́n ha igi láti ìdí dókè, wọ́n tún ha á kí ojú ọgbẹ́ tó jiná. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àìmọye igi ìré ti kú, òwò náà sì wó lulẹ̀. Nígbà tí kọ́tìnnì Manaus ń lọ sókè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn bàbá ńlá wa wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń ha igi fún ọjà kan náà. A kò kọ́ ilé tíátà kankan nínú owó náà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí ìyẹn tàbí kí n dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amazon. Ní 1876, ogún ọdún kí wọ́n tó ṣí ilé náà, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Henry Wickham kó kóró igi rọ́bà bí 70,000 jáde kúrò ní Brazil lọ sí ọgbà Kew ní London. Orúkọ ọkọ̀ tó fi kó o ni Amazonas. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ kan náà. Nínú gbogbo kóró yẹn, bí 2,700 ló hù. Wọ́n kó àwọn ọmọ igi náà lọ sí Sri Lanka, tí wọ́n ń pè ní Ceylon nígbà yẹn, àti sí Singapore. Ọ̀gá ọgbà ní Singapore, Henry Ridley, wá ọ̀nà tí èèyàn fi lè máa ha igi lójoojúmọ́ láìpa á, ó sì ń rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Ridley Wèrè.

Ẹ rò ó wò. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé tíátà, tí àwọn olówó Manaus jókòó sínú bákónì tí wọ́n ń ju abẹ̀bẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àwọn igi tó máa pa wọ́n ti ń dàgbà ní apá kejì ayé. Nínú oko tí igi tò sójú kan, òṣìṣẹ́ kan lè ha igi tó pọ̀ láìrin igbó já, owó tó ń náni sì kéré. Ní 1910, owó rọ́bà lọ sókè dé ibi tí kò dé rí. Ní 1913, rọ́bà oko Éṣíà ti ju ti Brazil lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìtajà Manaus fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì, tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń wọkọ̀ lọ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí Brazil náà kò gbin tirẹ̀ sóko. Wọ́n gbìyànjú. Henry Ford, oní-mọ́tò, náà gbìyànjú níbẹ̀ láti 1928, ó tiẹ̀ kọ́ odindi ìlú tó pè ní Fordlândia. Àrùn ewé kan wà ní Amazon tó jẹ́ pé tí igi rọ́bà bá ti sún mọ́ra jù, á ran láti ọ̀kan sí èkejì, á sì run gbogbo rẹ̀. Inú igbó, tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì, nìkan ni ara igi náà ti ń le ní ilé rẹ̀. Àrùn yẹn kò bá kóró Wickham dé Éṣíà.

Àti pé nígbà tí owó yẹn ṣì ń wọlé gan-an, ìròyìn burúkú kan jáde. Roger Casement, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí ní apá Calabar lọ́dọ̀ wa, lọ sí odò Putumayo ní 1910 láti wádìí ohun tí ilé iṣẹ́ Julio César Arana ń ṣe. Arana ní ọ́fíìsì ńlá ní Manaus. Casement rí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n nà títí ẹran ara wọn fi bó, tí wọ́n fi ebi pa, tí wọ́n yìnbọn pa nítorí pé rọ́bà tí wọ́n gbé wá kò wọ̀n tó. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 1912. Manaus fúnra rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ kan, àwọn Manaó, ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sí ojú wọn lára àwọn òpó gbọ̀ngàn yẹn.

Lẹ́yìn tí owó lọ, ilé náà wà níbẹ̀. Mábù kì í jẹ. Wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1966, ìjọba Brazil fi sára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n sọ Manaus di agbègbè tí ilé iṣẹ́ kò ti ní san owó orí púpọ̀. Bí ìlú náà ṣe jí padà nìyẹn: lónìí ó ju mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ, fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ọ̀kadà ni wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún ilé náà ṣe láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n tún un ṣe gan-an lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì ṣí i padà ní 1990.

Ẹni tó bá wo fíìmù “Fitzcarraldo” tí Werner Herzog ṣe ní 1982 á ti rí ilé yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú fíìmù náà, Caruso, olórin tó lókìkí jù láyé nígbà yẹn, ń kọrin níbẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́ o. Caruso kò kọrin ní Manaus rí. Ẹni tó kọrin níbẹ̀ lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ The White Stripes, ní oṣù Kẹfà 2005, pẹ̀lú gìtá tó ń bú ramúramù. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà kún gbàgede iwájú ilé náà fọ́fọ́.

Láti 1997 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ọ́pẹ́rà níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin Amazonas Filarmônica sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin inú rẹ̀ wá láti Bulgaria, Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lágbègbè wọn, torí pé ìjọba Soviet ti wó, olórin tó mọṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ tí kò rí owó oṣù gbà. Ẹ rí i pé àwọn náà, àìríjẹ ló gbé wọn wá sí Amazon, bíi ti àwọn ará Ceará. Ìyàtọ̀ ni pé àwọn yìí lè padà sílé nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn kan dúró, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ Manaus ní gòjé àti fèrè.

Ìdí tí ilé yìí fi ń wù mí láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní 2014, nítorí ife ẹ̀yẹ àgbáyé, Manaus tún kọ́ pápá bọ́ọ̀lù ńlá kan tó gba nǹkan bíi 44,000 èèyàn. Ìdíje mẹ́rin péré ni wọ́n gbá níbẹ̀ nínú ife ẹ̀yẹ náà, kò sì sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà tó lè máa kún un. Àwọn èèyàn fi í wé ilé tíátà, wọ́n ní nǹkan kan náà ni, ṣekárími. Mo rò pé wọn kò jọra. Ilé ọ́pẹ́rà yẹn bẹ̀rẹ̀ bíi ṣekárími, òótọ́ ni, pẹ̀lú owó tó wá láti ibi tí kò dáa rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó sórí ìjókòó 701 yẹn báyìí, ọmọ-ọmọ àwọn tó ha igi ni wọ́n. Nígbà ọdún ọ́pẹ́rà, tí ẹ bá gbọ́ orin láti inú ilé, tí ẹ sì bojú wo gbàgede, ẹ máa rí ẹni tó ń ta tacacá, ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n fi omi gbágùúdá, edé àti ewé tó ń mú ètè ta yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ sè. Inú igbá ni wọ́n ti ń mu ún, bíi tiwa.

Èyí tó bá ti dé ibẹ̀ rí nínú yín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sọ bí ilẹ̀ onígi yẹn ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.